Bàbá ṣẹ̀, ọmọ dárí jì í: àforíjì dà?

Ọ̀kàwé: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́míìkì akọni tó ń jẹ́ Invincible kà tán, láti nọ́ńbà 1 tó jáde ní 2003 dé nọ́ńbà 144 ní 2018. Ní nọ́ńbà 7, Nolan, akọni tí wọ́n ń pè ní Omni-Man, pa àwọn Guardians of the Globe, ẹgbẹ́ akọni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 11 àti 12, ó jẹ́wọ́ fún Mark ọmọ rẹ̀, Invincible gan-an, pé àwọn Viltrumite, ẹ̀yà òun láti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ló rán òun wá gba ayé. Ó ní bí ẹran ọ̀sìn ni Debbie ìyàwó òun rí lójú òun. Ó wá lu ọmọ náà títí ẹ̀mí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀, ó sì fò lọ. Nígbà tí a tún máa rí i, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, wọ́n ti bí Oliver. Àwọn Viltrumite dé láti wá mú un, Mark dúró ti bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ di bàbá àti ọmọ padà. Ìbéèrè mi nìyí: kí ni Nolan ṣe tí ìdáríjì yẹn fi tọ́ sí i? Lójú tèmi, ọ̀tá tuntun ni òǹkọ̀wé fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Pé ẹ jọ jà kò túmọ̀ sí pé ẹ ti parí ìjà tiyín.

Adúmáadán: Bàbá ni bàbá ń jẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ṣe?

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀: Ẹ gbà mí o! Ṣé Omni-Man ló pa wọ́n ni? Fíìmù ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò tíì wo ìpín kìíní tán!

Ọ̀kàwé: Ẹ má bínú. Ìparí ìpín kìíní yẹn gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ wò ó dópin.

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀: Kí ni mo tún fẹ́ wò dópin?

Bàbá Oníwèé: @Ọ̀kàwé, ẹ kò ṣe òdodo sí Nolan. Ọkùnrin yẹn kábàámọ̀. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ó sọ fún Allen, ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀, pé àárò ìyàwó òun ń sọ òun. Ẹni tó pe obìnrin náà ní ẹran ọ̀sìn ló tún sọ èyí o. Ìrònúpìwàdà nìyẹn.

Ọ̀kàwé: Ẹ̀gbọ́n, Allen ló sọ ọ́ fún. Ṣé Allen ló lù ni?

Bàbá Oníwèé: Ó sọ ọ́, ó tán.

Ẹyẹ Òru: Ẹ fi Invincible sílẹ̀ jàre. Ọ̀gá wọn nínú ìwà yìí ni Batman. Ẹ wo Damian ọmọ rẹ̀. Bruce, ìyẹn Batman, ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun bí i kí Talia ìyá ọmọ náà tó fà á lé e lọ́wọ́ ní 2006. Wọ́n pa ọmọ náà ní 2013, Bruce lọ dé pílánẹ́ẹ̀tì Apokolips nítorí àtijí i dìde. Ó dára, mo gbà. Ní 2019, ọ̀daràn Bane ṣẹ́ ọrùn Alfred, ìránṣẹ́ tó tọ́ Bruce dàgbà, lójú Damian, ọgbẹ́ tuntun tún dá. Ṣùgbọ́n Jason Todd, ọmọ tí Bruce gbà tọ́, ni kí ẹ bi mí. Joker, ọ̀tá Batman, pa ọmọ, bàbá kò gbẹ̀san. Ọmọ jí, ó gbé ìbọn sí Joker lórí, ó ní kí bàbá òun yàn. Kí ni bàbá ṣe? Ó ju abẹ rẹ̀ tó rí bí àdán lu ọmọ rẹ̀ LỌ́RÙN. Lónìí wọ́n jọ ń bá àwọn ọ̀daràn jà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Alágbède: Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Ìbọn ló jù ú sí. Abẹ náà há sẹ́nu ìbọn, ìbọn bú mọ́ Jason lọ́wọ́. Mo fi ojú ara mi rí i.

Ẹyẹ Òru: Batman nọ́ńbà 650, 2006. Ọrùn ni. Abẹ yẹn kọ́kọ́ lu páìpù kó tó ta padà sí ọmọ náà lára. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú àwòrán.

Alágbède: Under the Red Hood. Ìbọn ni.

Ẹyẹ Òru: Fíìmù 2010 lẹ̀ ń sọ yẹn. Kọ́míìkì ni mò ń sọ.

Alágbède: Ọ̀kan náà ni wọ́n. Judd Winick ló kọ méjèèjì.

Ẹyẹ Òru: Ẹnìkan náà ló kọ wọ́n, ìtàn wọn yàtọ̀! Wọ́n yí i padà nínú fíìmù nítorí wọ́n mọ̀ pé bàbá tó ju abẹ sọ́mọ lọ́rùn kò ṣe é wò.

Onímọ̀ràn: Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé oṣooṣù ni ìwé wọ̀nyí ń jáde, ilé iṣẹ́ ló sì ni akọni. Òǹkọ̀wé kan á dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ Robin, ọmọ igbákejì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Batman, olóòtú náà fẹ́ ẹ. Wọ́n á di mọ́ra lójú ìwé kan, ó tán. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ.

Ọ̀kàwé: Ọ̀rọ̀ gidi rèé. Ṣùgbọ́n kò ran Invincible lọ́wọ́. Robert Kirkman nìkan ló kọ ọ́ láti 1 dé 144. Òun ló jẹ gbèsè yẹn, àyè sì wà fún un láti san án.

Adúmáadán: Mo ní bàbá ni bàbá ń jẹ́.

Ṣàngó Kékeré: Ti Marvel tiẹ̀ le jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Quicksilver fi bá Magneto, tí wọ́n ní ó bí òun àti Wanda arábìnrin rẹ̀, ṣọ̀tá, tí wọ́n ń rẹ́, tí wọ́n tún ń jà. Nígbà tó di 2014, nínú ìtàn AXIS, Wanda fi gbogbo ẹni tó bá a tan lẹ́jẹ̀ gégùn-ún, kò mú Magneto. Bí wọ́n ṣe sọ pé kì í ṣe bàbá wọn mọ́ nìyẹn. Wọn ò parí ìjà, bàbá gan-an ni wọ́n yọ kúrò.

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀: Magneto kì í ṣe bàbá Wanda??? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ṣàánú mi!

Alágbède: @Ẹyẹ Òru, mo ti lọ tún un wò. Ìbọn ni.

Ẹyẹ Òru: O lọ tún FÍÌMÙ wò.

Alágbède: Ẹ̀hẹ́n, a ti kúrò ní "ẹ" nìyẹn. Ó dára. Ìwọ náà lọ wò ó.

Ẹyẹ Òru: Ṣí ìwé. Nọ́ńbà 650. Ọrùn.

Alágbède: ÌBỌN.

Ẹlẹ́rìí: Ẹ rántí pé àwọn òǹkàwé ló dìbò kí Jason kú ní 1988. Wọ́n fi tẹlifóònù dìbò. 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè.

Ṣàngó Kékeré: Èèyàn 72 péré ló wà láàárín! Ẹ bá mi wá wọn jáde lónìí, kí wọ́n wá bẹ Jason kí Bruce tó bẹ̀ ẹ́.

Ẹlẹ́rìí: Kì í ṣe èèyàn 72. Ẹnìkan lè pè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ṣàngó Kékeré: Á jẹ́ pé ẹnìkan wà níbì kan tó jókòó ti tẹlifóònù láti pa ọmọ ọlọ́mọ. Òun gan-an ni kí ẹ mú wá.

Àrẹ̀mọ: Ó ya mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó dárúkọ Starman, èyí tí James Robinson kọ láti 1994 dé 2001. Ted Knight, Starman àkọ́kọ́, fẹ́ kí ọmọ òun jogún ọ̀pá ìràwọ̀ àti iṣẹ́ akọni. Jack kò fẹ́ gbọ́ ọ, ọjà ohun àtijọ́ ló ń tà. David ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbà á ni wọ́n yìnbọn pa, ó di dandan fún Jack. Síbẹ̀ kò kàn gbà. Ó na ìka sí bàbá rẹ̀, ó ní: bí èmi bá máa ṣe akọni, ìwọ náà gbọ́dọ̀ lo ìmọ̀ agbára ìràwọ̀ rẹ fún ohun tó máa ṣe gbogbo ayé láǹfààní, kì í ṣe fún ìjà nìkan. Ted gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá fi nǹkan sílẹ̀, ọmọ fi nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí Ted wá kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo sunkún, torí mo ti rí gbogbo ohun tí wọ́n san fún ara wọn. Ẹ fi ìyẹn wé Nolan, tí ogun gbà sílẹ̀.

Bàbá Oníwèé: Ted Knight kò lu ọmọ rẹ̀. Kò jọra.

Àrẹ̀mọ: Ìdí nìyẹn tó fi burú! Ẹni tí kò lu ọmọ san gbèsè, ẹni tó lù ú kò san.

Bàbá Oníwèé: Nolan kú lọ́wọ́ Thragg, olórí àwọn Viltrumite, nígbẹ̀yìn. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi san án.

Ọ̀kàwé: Lẹ́yìn tí Mark àti Debbie ti dárí jì í tipẹ́! Ìdáríjì ló kọ́kọ́ dé, ìsanwó wá tẹ̀ lé e. Ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Bàbá Oníwèé: Ó kú, ó tán.

Ẹyẹ Òru: Mo ti gbé ojú ìwé náà síbí. Ẹ wò ó fúnra yín. Ọrùn.

Alágbède: Ọwọ́ ayàwòrán ló yẹ̀.

Ẹyẹ Òru: Ọwọ́ ayàwòrán??

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀: @Àrẹ̀mọ, ẹ ti sọ pé Ted kú náà, kò burú. Nọ́ńbà wo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ Starman?

Àrẹ̀mọ: Nọ́ńbà 0. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 1, David ò ní yé yín.

Alágbède: Ìbọn ni.