Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ìmọ̀ràn fún Ilé-Iṣẹ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Wọ Ilẹ̀ Òkèèrè

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Kì í ṣe pé àlejò fọ́jú. Ó rí ilé, ó rí ọ̀nà, ó rí èrò. Ohun tí kò rí ni àwọn méjì tí kì í kí ara wọn, ilẹ̀ tí wọ́n ń du, àti ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ níta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó fẹ́ lọ tajà nílẹ̀ òkèèrè. Ó ti ka iye èèyàn tó ní fóònù, ó ti ṣírò owó tó máa wọlé, àmọ́ kò ka àwọn tó lè sọ pé "ẹ dúró ná". Ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìjà ti máa ń wá.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń tò ó bí owó kálukú bá ṣe pọ̀ tó: olùdókòwò lókè, oníbàárà ńlá tẹ̀ lé e, àwọn yòókù nísàlẹ̀. Àṣìṣe ni. Ohun tí kálukú lè dá dúró ni kí ẹ fi tò wọ́n. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó lè dá dúró, ọjọ́ mélòó ló lè dá a dúró, ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa pàdánù tí ẹ bá wọlé, àti ẹni tó máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹni tí ẹ ò bá mọ ohun tó máa pàdánù, ẹ ò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Àwọn òṣìṣẹ́ yín gan-an wà nínú alángbá yìí. Ẹ wo Jámánì. Níbi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ti tó márùn-ún, òfin gbà wọ́n láàyè láti yan ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú wọn, Betriebsrat. Abala 87 òfin náà fún ìgbìmọ̀ yìí lẹ́nu lórí ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ ìwà tàbí iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí ìgbìmọ̀ ò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí àwọn ilé ẹjọ́ ibẹ̀ sì ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé bí sọ́fítíwíà bá ti lè ṣọ́ èèyàn, ó ti tó, bí ẹ ò tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe máa ń bàjẹ́ nìyí. Olú ilé-iṣẹ́ á tan sọ́fítíwíà tuntun fún àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú rẹ̀, ojú ìwé kan wà tó ń fi orúkọ òṣìṣẹ́ hàn, iye oníbàárà tó dá lóhùn, àti ìṣẹ́jú tó fi dìde lórí ìjókòó. Ìgbìmọ̀ á gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n pa á. Lójú olú ilé-iṣẹ́, ọ̀tá ìlọsíwájú ni wọ́n; lójú tiwọn, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fẹ́ fi lé àwọn lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ì bá parí lórí tábìlì ni: ẹ pa ojú ìwé tó ní orúkọ, kí àkọsílẹ̀ máa jáde fún ẹgbẹ́ tí èèyàn inú rẹ̀ kò dín ní márùn-ún, kí ẹ kọ ọjọ́ tí dátà máa parẹ́ àti ẹni tó láṣẹ láti wò ó. Kí ẹ tó ra sọ́fítíwíà ni kí ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ, torí ẹni tó ti sanwó kì í fẹ́ gbọ́ "rárá".

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní 2015, Facebook gbé ètò íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wọ Íńdíà, èyí tó wá ń jẹ́ Free Basics. Àwọn ìkànnì tó bá wà nínú ètò náà nìkan lèèyàn lè wò láìsan owó dátà. Àwọn tó ta kò ó ní ẹni tó bá ń yan ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti yan ẹni tó máa yè lọ́jà. Ní oṣù Kejìlá, TRAI, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀, bi aráàlú ní ìbéèrè mẹ́rin lórí owó dátà tó ń yàtọ̀ láti ìkànnì kan sí òmíràn. Facebook ní kí àwọn tó ń lò ó fi lẹ́tà tó ti kọ sílẹ̀ fún wọn ránṣẹ́. Lẹ́tà wọlé bí òjò. Free Basics ni wọ́n ń yìn. Ìbéèrè mẹ́rin náà wà níbẹ̀ láìrí ẹni dá wọn lóhùn, TRAI sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 2016, àjọ náà fòfin de irú owó bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí Facebook kó ètò náà kúrò ní Íńdíà.

Ariwo ọ̀rẹ́ kì í ṣe èsì ìbéèrè ọ̀tá. Ẹ lọ bá alátakò níkọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pe ìpàdé gbogbo gbòò. Ìbéèrè ni kí ẹ gbé dání, ẹ fi àwòrán ìpolówó sílé. Ẹ kọ ohun tó sọ ní èdè tirẹ̀, kí ẹ dá a padà fún un láàárín ọjọ́ méjì kó tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èèyàn alábàáṣe yín ṣe ògbufọ̀: ohun tó bá máa pa alábàáṣe náà lára kò ní dé etí yín.

Ìjà tó sì máa ń korò jù ni ti aṣojú tó bá yín la ọ̀nà. Ọdún méjì ló fi wá oníbàárà. Nígbà tí ọjà gbóná, olú ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún wọn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A kì í mọ ọkọ ọmọ ká tún mọ àlè rẹ̀. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí ẹ bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn aṣojú, òfin aṣojú ti 1986 ní kí ẹ fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan lọ́dún àkọ́kọ́, oṣù méjì lọ́dún kejì, oṣù mẹ́ta láti ọdún kẹta lọ, owó gbà-má-bínú sì lè tó iye tó ń pa lọ́dún kan. Àwọn kan máa ń rò pé ọjà tó ṣeé fọwọ́ kàn nìkan ni òfin yìí kàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ilé ẹjọ́ Àjọ náà ní sọ́fítíwíà tí wọ́n tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó máa lò ó títí láé, ọjà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn: oníbàárà wo ni tiyín, ìgbà wo lẹ lè máa tà fúnra yín, kí ló máa gbà lórí àwọn tó mú wá, fún oṣù mélòó.

Nínú ilé ńkọ́? Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Láti 25 oṣù Karùn-ún 2018, òfin dátà Yúróòpù fún ilé-iṣẹ́ tí dátà èèyàn bá jò lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ alábòójútó, bí jíjò náà bá lè ṣe àwọn tó ni dátà ní jàǹbá. Bí ẹ̀ka bá rí i ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí olú ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n dúró de ìpàdé ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà ni àkókò pé. Agbẹjọ́rò ń sọ pé "ẹ fi ránṣẹ́", àwọn tó ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ń sọ pé "ẹ dúró", ọ̀gá ẹ̀ka ò mọ ti ta ni kí òun gbà. Kí ẹ̀ka tó ṣí ilẹ̀kùn ni kí ìwé kan ti wà tí olú ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí: orúkọ ẹnì kan tó lè fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ láìdúró de àṣẹ, orúkọ igbákejì rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù tí àwọn méjèèjì máa ń gbé lóru.