Ohùn Tútù Ní Í Yọ Obì Lápò: Ìtàn Ọ̀gá Ọlọ́pàá James Macleod

Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ọlọ́pàá tí wọ́n bá rán lọ sí ibodè, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti pọ̀ jù ú lọ, tí ohun ìjà sì wà lọ́wọ́ wọn, kò gbọdọ̀ fi òwe yìí ṣeré. James Macleod mọ̀ ọ́n lò. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Calgary, ní Kánádà.

Erékùṣù Skye ní Skọ́tílándì ni wọ́n ti bí i ní 1836. Iṣẹ́ lọ́yà ló ń ṣe kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá orí ẹṣin ní 1873, ọdún tí ìjọba dá a sílẹ̀. Lóṣù keje 1874, nǹkan bí 275 ọlọ́pàá gbéra ní Manitoba, wọ́n forí lé ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ń lọ lé àwọn oníṣòwò tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, tí wọ́n ń fi wískì gba awọ ẹfọ̀n àti ẹṣin lọ́wọ́ àwọn Blackfoot, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ṣìnà, oúnjẹ wọ́n wọn, ẹṣin sì ń kú lójú ọ̀nà. Jerry Potts, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kainai, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Blackfoot, ló wá mọ̀nà fún wọn.

Ìgbà tí wọ́n dé odò Oldman lóṣù kẹwàá, òtútù ti ń wọlé. Macleod ní ilé ẹṣin ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kí tàwọn ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e, kí tàwọn ọ̀gá kẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n to ìtì igi sínú rẹ̀ lóòró, wọ́n fi amọ̀ dí àlàfo, wọ́n sì fi erùpẹ̀ bo òrùlé. Ohùn tútù kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ọ̀gá tó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ríbi sùn kí òun tó rí kò nílò ariwo kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀.

Láìpẹ́, Three Bulls, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Blackfoot, wá fẹjọ́ sùn pé òun fa ẹṣin méjì fún oníṣòwò kan ní Pine Coulee, ọtí ló sì fi san án. Macleod kò fi ẹjọ́ náà falẹ̀. Ó rán Crozier, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ̀, àti Potts, wọ́n kó àwọn oníṣòwò náà, wọ́n da ọtí wọn sílẹ̀, wọ́n sì gba awọ ẹfọ̀n tó wà lọ́wọ́ wọn. Awọ yẹn ni àwọn ọlọ́pàá fi rán ẹ̀wù òtútù. Ṣé ẹ rí i, ohùn tútù kò ní kí apá má le sí arúfin. Oṣù Kejìlá kò tíì jìnnà tí Crowfoot, olórí àwọn Siksika, ẹ̀yà Blackfoot mìíràn, fi wá kí i ní bárékè.

Ní 22 Oṣù Kẹsàn-án 1877, ní Blackfoot Crossing, àwọn olóyè tọwọ́ bọ Àdéhùn Keje (Treaty 7), ìwé àdéhùn láàárín àwọn àti ìjọba Kánádà. Macleod wà lára àwọn aṣojú ìjọba. Crowfoot ní àwọn ọlọ́pàá dáàbò bo àwọn bí ìyẹ́ ṣe ń gba ẹyẹ lọ́wọ́ òtútù. Dọ́là 12 ni wọ́n kọ́kọ́ san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà dọ́là 5 lọ́dọọdún, olóyè àgbà 25.

Ibí yìí gan-an ni òwe náà ti le. Obì tí ohùn tútù bá yọ, gbèsè ni lọ́rùn ẹni tó gbà á. Nígbà tó máa fi di 1879, ẹfọ̀n ti tán ní pápá, ebi dé, oúnjẹ tí ìjọba ń pín kò sì tó. Macleod fi ipò ọ̀gá ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1880, ó di adájọ́, ó sì kú ní Calgary ní 1894. Òun kọ́ ló ń dá àpótí ìjọba ṣí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wò kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ bá ará ìlú sọ ohun tí ìjọba máa ṣe, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò san án, àti ìgbà tí yóò san án. Títí dòní, àwọn àgbà Blackfoot ń sọ pé àdéhùn àlàáfíà ni àwọn bá ìjọba ṣe, pé kò sẹ́ni tó là á yé àwọn pé ilẹ̀ ni àwọn ń fi sílẹ̀.