Ẹ Gbọ́ Mi Ná, Bọ̀dá: Ọ̀rọ̀ Mọ́tò Oníke

Bọ̀dá mi, ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti gbọ́ gbogbo fọ́ìsì yín, mo sì ti rí àwòrán jíìpù Lexus dúdú tí ẹ fi tì í lẹ́yìn. Ẹ ní kí n ra irú rẹ̀ ránṣẹ́ nítorí oyè Bàbá Ìjọ tí wọ́n fẹ́ fi yín jẹ, pé ẹ ò lè gun ọ̀kadà wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní bí ti Lexus bá pẹ́, kí n ṣáà fi èyí tí mò ń wà ránṣẹ́ ná. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti pa mí. Saturn SL2 ni mò ń wà, ti ọdún 1997.

Ẹ ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, mo mọ̀. General Motors, iléeṣẹ́ mọ́tò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló dá Saturn sílẹ̀ láti bá àwọn ará Japan du ọjà mọ́tò kékeré. Spring Hill ní Tennessee ni wọ́n ti ń tò ó. Àkọ́kọ́ jáde ní 1990, wọ́n ṣe irú tèmi dé 2002, Saturn fúnra rẹ̀ sì kógbá sílé ní 2010. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé iye tí wọ́n bá kọ sára mọ́tò ni oníbàárà ń san nígbà náà. Wọn kì í ná an! Bọ̀dá, ẹ wo ọjà tí Màmá wa ò ní lè rà láéláé. Wọn á ti dá a sí ìlàjì, wọn á ti ṣe bí ẹni ń lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè wọ́n padà.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ike ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti búùtù nìkan ni irin. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í fi í dípẹtà. Oòrùn máa ń mú kí ike fẹ̀, torí náà wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ yí ilẹ̀kùn ká. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ti fi gbá nǹkan rí. Òtútù líle nìkan ni ike yẹn ń bẹ̀rù, torí ó lè sán. Ní Houston níbí, òtútù wo?

Wọ́n á ti ròyìn òde àríyá Sátidé fún yín, torí àwọn ará wa níbí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọmọkùnrin tó ń tò mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà wo Saturn, ó wo agbádá mi, ó ní, "Sà, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn tó gbé oúnjẹ wá ń gbà o." Èmi tí mo ra aṣọ ẹbí! Mo gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, mo panu mọ́. A ò tíì jẹ àmàlà tán nígbà tí ọ̀gá kan tó ń fi jíìpù ńlá rẹ̀ rìn sẹ́yìn gbá ilẹ̀kùn mi, gbòlà! Gbogbo àríyá tú síta. Ilẹ̀kùn wọnú, ó sinmi díẹ̀, ó ní pọ̀!, ó tún padà síta, bí ẹni tó yà kí ará ilé tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Iná ẹ̀yìn jíìpù ti rún wómúwómú nílẹ̀. Ni onílù bá yí gángan sí ilẹ̀kùn mi, ó ń kì í: "Ọmọ a-gbọgbẹ́-má-dápàá!" Ìyá kan tí n ò mọ̀ rí ń ná dọ́là mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èkejì ní kí wọ́n gbé kúlà ọtí tì í. Ọlọ́jọ́ ìbí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún pé mọ́tò ti gba àríyá mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kò tó bẹ́ẹ̀, ìdí ìrẹsì ló wà.

Ṣùgbọ́n tó bá dé Ìbàdàn, ta ni yóò tún un ṣe? Páńẹ́lì bítà yín á gbé òòlù sókè, kí ló fẹ́ lù? Irú ẹ́ńjìnì yìí sì ń mu ọ́ìlì. Kì í jò, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ ṣáká. Pístìnì rẹ̀ ni kò ní ihò tí ọ́ìlì ì bá gbà padà sílẹ̀ lẹ́yìn ríìngì, èédú á wá dì mọ́ ríìngì, kò ní lè ha ara sílíńdà mọ́, ọ́ìlì á sì máa jóná pẹ̀lú epo. Quart mẹ́rin péré, bíi lítà mẹ́rin, ló ń gbà. Ẹni tí kì í fa géèjì yọ wò ní gbogbo ìgbà tó bá ra epo, á gbọ́ igbe ṣéènì inú ẹ́ńjìnì, torí ṣéènì ló ní, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bó bá ti ń mu ún jù, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da oògùn tó ń bọ́ èédú sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi àkísà bo àwọn ihò náà, ẹ yí ẹ́ńjìnì kó pọ èyí tó kù síta, torí oògùn tó bá há sókè pístìnì lè tẹ ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ó pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí sítíárì bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró, ẹ́ńjìnì síìtì ti òkè, ìyẹn rọ́bà tó di ẹ́ńjìnì mú, ni. Bó bá ń ṣòroó tan, tó sì ń jẹ epo, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi. Orí ike rẹ̀ ló máa ń là, ẹ ra olórí idẹ.

Àwọn òyìnbó àgbà máa ń dá mi dúró nílé epo. Eléyìí ní Chevette lòun fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Tọ̀hún ní Pinto ni bàbá òun ní, èyí tí Ford ní kí wọ́n kó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ padà wá ní 1978 nítorí tánkì epo tó wà lẹ́yìn, tó lè gbiná bí wọ́n bá gbá a. Wọ́n á fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì Saturn, wọ́n á ní áà, ìwọ ṣì wà láyé! Mọ́tò ni wọ́n ń kí o, Bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mò ń lọ ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ̀yin náà ò bi mí rí. Ẹ mọ iye Lexus ní dọ́là, ẹ mọ̀ ọ́n ní náírà, ẹ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọ́ìlì ni Saturn ń tọrọ ní tirẹ̀. Tí mo bá ti fún un, ó parí.

Ẹ má bínú, oorun ló ń sọ̀rọ̀. Ní ti oyè, ẹ gun ọ̀kadà yẹn. Ẹ wọ agbádá funfun, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ẹ lẹ́yìn yín, ìjọ á rò pé áńgẹ́lì ló ń bọ̀. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ má sọ fún wọn pé ike ni mò ń wà o, wọ́n á ní kí n má gbé e sún mọ́ iná.