Kúráǹ tó lọ kò lè há yín mọ́lé

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n pè mí sí ìpàdé àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí, ní Àjàṣẹ́, kí n wá ṣàlàyé ilẹ̀kùn oníkáàdì tí wọ́n fẹ́ fi sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ò tíì jìnnà tí ìyá kan fi dìde: "Ẹ má bínú, ọ̀gá, àwa ò fẹ́. Bí kúráǹ bá lọ, ilẹ̀kùn yẹn á há àwọn ọmọ wa mọ́lé. Bí iná bá wá ń jó ńkọ́?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ibi tí mi ò ti gbọ́ ọ rí, láti Wàndó títí dé Kétu nílé wa. Ó ti sú mi. Àwọn tó ń sọ ọ́ ò fọwọ́ kan òòfà ilẹ̀kùn rí. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́.

Ẹ wò ó. Àpótí kékeré ara ògiri tí ẹ ń gbé káàdì sí kọ́ ló ti ilẹ̀kùn, òun kọ́ ló sì ń ṣí i. Nọ́ńbà inú káàdì nìkan ló ń kà. Káàdì náà ò ní bátìrì kankan nínú; agbára tó ń jáde lára àpótí yẹn ló ń ta á jí, ìdí nìyẹn tó fi di dandan kí ẹ gbé e sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà á wá gba inú wáyà lọ sọ́dọ̀ àpótí kejì, èyí tí a máa ń gbé pamọ́ sínú ilé níbi tí ọwọ́ àlejò ò ti lè tó o. Oníbodè ni mo máa ń pe ìyẹn. Ọmọ Kétu, ìlú tó ni ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkábà Ìdénà, ni mí, mo mọ̀ pé ẹni tó dé ẹnubodè kọ́ ló ń pinnu pé òun á wọlé. Bí oníbodè bá rí nọ́ńbà náà láàárín àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa kàn sí òòfà.

Òòfà yìí ni kí ẹ fọkàn sí. Irin gbọọrọ kan ni, lókè férémù, wáyà bàbà ni wọ́n wé sínú rẹ̀. Pẹlẹbẹ irin kan wà lára ilẹ̀kùn tó kọjú sí i. Bí kúráǹ bá ń gba inú wáyà bàbà yẹn kọjá, irin á di òòfà, á gbá pẹlẹbẹ mọ́ra. Irú èyí tí mo sábà ń lò, agbára rẹ̀ tó ìwọ̀n 280 kílò. Bí kúráǹ bá dúró, irin lásán ló padà dà. Bó ṣe rí nìyẹn láti 1825 tí William Sturgeon, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe irú òòfà oníkúráǹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oníbodè bá gba káàdì yín, kí ló ń ṣe? Ó ń gé kúráǹ òòfà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Gígé kúráǹ yẹn gan-an ni ṣíṣí ilẹ̀kùn!

Mo ti mọ̀ pé wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́, torí náà mo kó òòfà kan àti bátìrì sínú àpò wá. Mo so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì, mo ní kí bàbá méjì tó lágbára já pẹlẹbẹ kúrò. Wọ́n fà á títí, àágùn bò wọ́n, tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé, kò já. Mo yọ wáyà kan. Ọmọdébìnrin kan tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e kúrò.

Bọ́tìnnì wà nínú yàrá fún ẹni tó fẹ́ jáde. Àpótí kékeré aláwọ̀ ewé kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá tẹ ojú rẹ̀ wọlé, ó gé wáyà òòfà tààrà, kò bi oníbodè léèrè.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín yàtọ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan láàárọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé kò fi bátìrì tó ń fún òòfà ní agbára nígbà tí kúráǹ bá lọ sí i, kí owó lè dín kù. Kúráǹ lọ lóru, ilẹ̀kùn tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn olè wọlé láìfọ́ nǹkan kan, wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́rin lọ. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá pé ilẹ̀kùn á há àwọn mọ́lé, kò sí ẹni tó bèèrè bátìrì.

Wọ́n á ní àwọn rí i nínú fíìmù. Wọ́n á ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé há ẹnìkan rí ní Kútọnu. Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó dáa, mo gbà pé irú títì mìíràn wà tó máa ń wà ní títì bí kúráǹ bá lọ. Láti ìta nìyẹn. Ẹni tó wà nínú á yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, á jáde, bí ẹni tó fi í síbẹ̀ bá mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá sì lọ fi ṣéènì àti àgádágodo ti ilẹ̀kùn kan náà láti òde, ẹ má dárúkọ káàdì.

Nígbà tí ìpàdé tú, ìyá yẹn wá bá mi. Ó ní, "Bátìrì ńkọ́, ṣé ó wà nínú ìwé owó tí ẹ kọ?" Ó wà níbẹ̀: fóòtì 12, ámpíà-wákàtí 7, ìyẹn ìwọ̀n kúráǹ tó lè kó pamọ́. Òòfà kan ń jẹ bí ìdajì ámpíà, àpótí méjèèjì náà ń jẹ tiwọn, nítorí náà bátìrì tuntun á gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo sì kọ ọ́.