Ẹ Fi Ògiri Sílẹ̀, Ẹ Tún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tò

Ẹ wọ ọ́fíìsì ńlá èyíkéyìí ní Ìlọrin yìí, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ ilé ìwé gíga tàbí báǹkì, kí ẹ wo ògiri tó wà lókè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Ẹ ó rí àkọlé kan níbẹ̀ tó ń bẹ̀ wá pé ká ro ó dáadáa ká tó tẹ ìwé jáde, kí igi inú igbó má bàa tán. Aláwọ̀ mèremère ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ewé tútù méjì wà lápá òkè, wọ́n sì ti láminéètì rẹ̀ kí ó má bàa ya. Lábẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni òkìtì bébà tí ẹnikẹ́ni ò wá kó wà. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wà lára wọn, ojú kejì funfun báláú.

Èrò tèmi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: àkọlé yẹn ò dín bébà kankan kù rí, kò sì ní dín in kù. Kì í ṣe ìwàkiwà àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jẹ bébà. Bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ló ń jẹ ẹ́, àti ẹ̀rù. Ẹ̀rù tí mo ń wí ni pé kò sẹ́ni tó gbà pé ọ̀rọ̀ kan wáyé ní ọ́fíìsì àfi tó bá wà lórí bébà, tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì ti wọ fáìlì mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ má bàa sọ pé ẹnu dùn-jiyọ̀ ti àwa ará Ìlọrin ni mo gbé dé, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní yunifásítì ńlá kan ní Sweden, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2016. Wọ́n rọ àwọn òṣìṣẹ́ kan pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dín bébà tí wọ́n ń lò kù. Nǹkan kan ò yí padà. Wọ́n wá tún àwọn ẹ̀rọ kan tò, tó fi jẹ́ pé ojú méjì ni ẹ̀rọ máa tẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Wọn ò fi ipá mú ẹnì kankan, ẹni tó bá fẹ́ ojú kan lè mú ojú kan. Bébà tí wọ́n ń lò lójúmọ́ dín kù ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn èèyàn kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Èyí ò sì yà mí lẹ́nu. Ta ló ń rántí yan ojú méjì nígbà tí ọ̀gá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ní “ìwé yẹn dà?” Ohun tí ẹ̀rọ bá gbé síwájú rẹ ni wàá tẹ̀.

Ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n ń rà fún ọ́fíìsì láyé òde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè tẹ ojú méjì fúnra rẹ̀. A ti sanwó rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, a kàn ò lò ó ni. Òkìtì tí ẹnikẹ́ni ò wá kó yẹn náà ní oògùn: wọ́n lè tò ó kí ìwé má jáde rárá àfi tí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá dúró síwájú ẹ̀rọ, tó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé, ìwé tirẹ̀ ò ní jáde, ó parí. Ó tún dára fún àṣírí, torí mo mọ ọ́fíìsì kan (orúkọ ò sí níbí o) tó jẹ́ pé lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé làwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń kà nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ẹ̀ka míì kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ onítọ̀hún.

Ẹ̀rọ ni apá tó rọrùn. Ẹ̀rù ló le.

Ẹ jẹ́ ká mú àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọba mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkéde á jáde: ẹ mú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ wá, lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀, lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé òkè, ìwé owó oṣù, ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì mú ojúlówó rẹ̀ dání. Àwọn kan á ti wọkọ̀ láti Ọ̀ffà, àwọn kan láti Omù-Àrán, àwọn kan láti Ìgbàjà. Lẹ́nu géètì, àwọn onífọ́tòkọ́pì ti ta agboòrùn sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sójú àwọn tó tò sórí ìlà. Ìyá àgbà kan tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì á na lẹ́tà tó ti pọ́n, tí wọ́n ti fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ní ìlà ibi tí wọ́n ti ká a, yóò ní “ọmọ mi, rọra, má fà á ya.” Ọmọ yẹn á gbé e sórí gíláàsì, á tẹ nǹkan, ó di mẹ́ta. Ojú kan.

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò míì bá tún dé, ìwé kan náà ni wọ́n máa tún bèèrè. Lẹ́tà tí wọ́n fi gba èèyàn síṣẹ́ ní 1994, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yí padà láti 1994. Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kọjá dà? Ó wà nínú yàrá kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti gba ìsinmi ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ewé bébà A4 tí gbogbo wa ń lò, tó jẹ́ 80 giráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan, márùn-ún giráàmù ni ewé kan wúwo mọ. Rímù kan jẹ́ 500 ewé, ìyẹn ni kìlógíráàmù méjì àtààbọ̀. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ ló wá, kí olúkúlùkù mú ìwé mẹ́wàá wá ní ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta. 30,000 ewé nìyẹn, 60 rímù. Ó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún kan péré la sì kà o, mi ò tíì pe gbogbo ìpínlẹ̀.

Bí wọ́n bá ya fọ́tò ìwé yẹn sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, ìbéèrè tó kù fún àyẹ̀wò tó ń bọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ohun tuntun kankan ti wọlé láti ìgbà yẹn?

Níbo ni àwọn bébà yìí wá ń lọ? Apá kan ń jóná lẹ́yìn ọ́fíìsì. Wọ́n á kó o jọ sídìí ògiri, wọ́n á da káátírììjì tónà tó ti tán mọ́ ọn, wọ́n á ṣáná sí i. Tónà kì í ṣe yíǹkì olómi, ike tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n pò mọ́ èédú dúdú. Ẹni tó bá ń fa èéfín yẹn símú ò lè sọ pé òun ń dáàbò bo àyíká torí pé àkọlé elewé tútù wà lára ògiri òun. Káátírììjì kì í sì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù. Àwọn ọmọ tó ń rọ tónà tuntun sí i wà káàkiri ìlú yìí, bí onítọ̀hún bá mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe tuntun.

Apá kejì ń lọ sọ́jà, wọ́n ń fi kìlò tà á. Mo ti ra wàrà díndín rí tó jẹ́ pé ìwé owó oṣù ni wọ́n fi dì í. Orúkọ èèyàn wà níbẹ̀ gàdàgbà, ipò rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yọ. Epo ti rin ín gbindin, lẹ́tà dúdú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara wàrà. Mo jẹ wàrà náà tán o, irọ́ ò dáa. Ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, mi ò sì rò pé àwọn tó kọ ọ́ ní oníwàrà lọ́kàn. Ìwé tí wọn ò tẹ̀ jáde, oníwàrà ò lè rí i rà.

Lórí ọ̀rọ̀ igi, èmi àti àkọlé ara ògiri ò bára mu pátápátá. Ẹni tó bá ti pàdé ọkọ̀ èédú lójú pópó ní Kwara yìí mọ̀ pé kì í ṣe A4 ló ń pa igbó tiwa. Igi tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bébà ń lò lókè òkun, gbígbìn ni wọ́n ń gbìn ín. Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni pé a ò ṣe bébà yìí nílé. Ọdún 1969 ni ilé iṣẹ́ bébà Jẹ́bà ti wà, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, létí odò Ọya. Bébà páálí àti bébà àpò ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe bébà ìkọ̀wé. Ti Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún bébà ìkọ̀wé, nǹkan ò lọ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rò. Nítorí náà, orí òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ rímù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì wa gbà wá, dọ́là la fi ń rà á, trélà ló gbé e láti Èkó. A wá tẹ ìlà mẹ́rin sí i lójú kan, a sọ ọ́ nù.

Iná náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníléésà ní láti gbóná gan-an kó tó lè yọ́ tónà mọ́ bébà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná lọ tó ku ínfátà, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì tẹ ìwé jáde, ínfátà á ké gbee, gbogbo yàrá á ṣókùnkùn, ẹ ó wá máa gbọ́ “ta nìyẹn?” láti gbogbo igun. Àwọn ẹ̀rọ oníyíǹkì tí wọ́n ń bu yíǹkì sí nínú táǹkì kì í gba iná tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ́fíìsì kékeré tí ìwé rẹ̀ ò pọ̀, èmi ò rí ìdí tí wọ́n fi ń ra oníléésà.

Àwọn kan á ní bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, bébà nìkan ni adájọ́ máa gbà. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ti fàyè gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Àtúnṣe 2023 sì ti fi àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ kún un. Ẹni tó ń lo ilé ẹjọ́ láti fi gbè sẹ́yìn ẹ̀dà mẹ́ta, kó wá ibòmíì sá sí.

Àwọn míì á ní àwọn èèyàn wa ò tíì mọ kọ̀ǹpútà lò. Láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti kúrò lórí bébà pátápátá, àwọn ọmọ tó ń ṣe é lọ́dọọdún sì lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ abúlé wà níbẹ̀, ọmọ ìgboro wà níbẹ̀. (Lóòótọ́, wọ́n ṣì ń lọ tẹ sílíìpù jáde ní káfè, aláwọ̀ sì ni. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan.) Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè yan ìdáhùn lórí ẹ̀rọ láti fi wá ọ̀nà ayé rẹ̀, àmọ́ olùdarí tó ń lo WhatsApp láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ní àfi kí wọ́n tẹ íméèlì jáde fún òun kí òun tó kà á.

Mi ò sọ pé kí bébà tán o. Ìwé olójú ewé ọgọ́rin tí èèyàn fẹ́ fi bírò tún ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú àgbà ò gba kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́ta. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n wà lórí bébà. Ohun tí mò ń bá jà ni ìwé ìpàdé tí èèyàn ogún máa gbà, olójú ewé ọgọ́ta, tí wọ́n rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, tí wọ́n wá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì jókòó, ojú ewé méjì péré ni wọ́n ṣí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yín ni ìbẹ̀rẹ̀ wà, kò sì nílò ìpàdé. Ẹ yí ẹ̀rọ gbogbo ọ́fíìsì sí ojú méjì láti orí kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹ má ṣí rímù sílẹ̀ lásìkò òjò kẹ́ ẹ tó fẹ́ lò ó, torí bébà tó bá ti mu ọ̀rinrin á máa há, ẹ̀rọ ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ gbọn ewé rẹ̀ dáadáa kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń yan ojú méjì, “long edge” ni kẹ́ ẹ mú fún lẹ́tà tó dúró lóòró. Bẹ́ ẹ bá mú “short edge”, ojú ewé kejì á dorí kodò, ọ̀gá á yí lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì, á sì pàṣẹ kó tó di aago méjìlá pé kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀rọ padà sí ojú kan.