Onítẹ̀síwájú Pọ̀ Ju Ọ̀nà Lọ

Ẹgbẹ́ kan wà ní Òṣogbo tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, tí kò ní àpò owó, tí kò sì pa ìpàdé àárọ̀ jẹ rí. Ẹgbẹ́ A-kà-á-lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ìdí tábìlì oníwèé ìròyìn la ti ń ṣe é, lápá Òkè-Fíà, láti aago méje títí oòrùn yóò fi lé wa. Iṣẹ́ wa kò ju ká ka àkọlé ojú ìwé, ká má ra ọ̀kankan, ká sì jà lórí ohun tí a kò kà tán. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà níbẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo tíì rà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ pé mo jókòó lé e lórí, ó ya.

Bí ìbò gómìnà bá ti ń kan ilẹ̀kùn, àrùn kan a máa mú gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. A ó kàn ṣàdédé di onítẹ̀síwájú. Bírikìlà, onítẹ̀síwájú ni. Ẹni tó ń ta páànù, onítẹ̀síwájú ni. Mi ò tíì pàdé ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Ọ̀ṣun tó lanu pé, "Èmi o, onífàsẹ́yìn ni mí." Pẹ̀lú bí a ṣe pọ̀ tó tí à ń tẹ̀ síwájú, ihò tó wà lójú títì níwájú tábìlì wa ṣì wà níbẹ̀, àfi pé òun náà ti tẹ̀ síwájú díẹ̀: ó ti dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà.

Tí ẹ bá fẹ́ dá ojúlówó wọn mọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo orí. Fìlà Awólọ́wọ̀ ni. Ẹ wá wo ojú. Jígí róbótó, bíi ti Awólọ́wọ̀ náà. Alága wa ní ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ríran kedere, kò nílò jígí rárá. Bó bá fẹ́ kàwé, ńṣe ló máa ń yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ "onítẹ̀síwájú" náà ní ilé tó ti wá, mi ò ní purọ́. Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, ló fi iṣẹ́ wọ aṣọ fún un. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí UPN, ẹgbẹ́ tí Awólọ́wọ̀ tún dá sílẹ̀, dé lọ́dún 1978, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń polongo: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ìdàgbàsókè ìgbèríko. Bàbá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ó lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ẹ lórí ìka. Lónìí, bi onítẹ̀síwájú léèrè pé kí ni olùdíje rẹ̀ fẹ́ ṣe fún ìpínlẹ̀. Fóònù ni yóò yọ. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yà níbi òkú àgbà kan ní Ìkìrun. Olùdíje wà láàárín, èrò yí i ká. "Ṣé o rí èjìká tó yọ lápá òsì yẹn? Èjìká mi nìyẹn."

Àwọn mẹ́ta ló gbé àríyànjiyàn náà ró, kí n tó ka ara mi mọ́ ọn. Alága wà lábẹ́ ìgbálẹ̀ APC. Bàbá Tíṣà wà pẹ̀lú Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà wa àtijọ́, ibi yòówù kí Arẹ́gbẹ́ṣọlá wà. Ẹ̀kẹta, Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la là ń pè é, torí ọ̀sẹ̀ tí ìjọba Adélékè wọlé ní November 2022 ló ti rán agbádá tó máa fi búra. Agbádá náà ṣì wà nínú ọ̀rá.

Bàbá Tíṣà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lábẹ́ ọkùnrin tó ń gbèjà yìí ni owó oṣù rẹ̀ di ìdajì, èyí tí gbogbo Ọ̀ṣun ń pè ní àfúsá. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké gba tiwọn pé. Àwọn tí ipò wọn ga ni wọ́n là sí méjì, Bàbá sì jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ tí Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la bi í léèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹ rántí àfúsá?" ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Mo rántí. Ìdajì tó ní èrò nínú sàn ju odindi tí kò mọ ibi tó ń lọ."

"Ṣé èrò náà ni Ìyá fi ń sebẹ̀ nígbà yẹn, sà?"

Bàbá ní kí ọmọdé má bá òun sọ̀rọ̀ ìdílé láàárín ọjà.

Òun náà ló wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sínú ẹgbẹ́. APC, ẹ rántí, All Progressives Congress, orúkọ onítẹ̀síwájú ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjà Arẹ́gbẹ́ṣọlá àti Oyètọ́lá, ẹni tó gba ipò gómìnà lẹ́yìn rẹ̀, wá gbóná, àwọn ọmọ Arẹ́gbẹ́ṣọlá kó ara wọn jọ, wọ́n sọ ara wọn ní The Osun Progressives. Onítẹ̀síwájú inú onítẹ̀síwájú. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn yòókù inú ilé kan náà dúró sójú kan. Ní July 16, 2022, Adélékè ti PDP, ẹgbẹ́ alábùradà, ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Mo rí Bàbá Tíṣà lọ́jọ́ kejì. Ó ń jó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fìdí rẹmi, káàdì ẹgbẹ́ náà wà nínú àpò rẹ̀, ó ń jó.

Alága ní tiẹ̀ kò ní jó láéláé. Ìbò 2018 ló máa ń rántí, nígbà tí wọ́n padà lọ dìbò ní ibùdó méje péré, tí Oyètọ́lá sì fi ìbò 482 gba ipò. Ó máa ń pe 482 yẹn bíi pé ó pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Èèyàn 482! Iye tó ń jẹ ìrẹsì níbi ìsìnkú alábọ́ọ́dé kan ní Ẹdẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Alága ní ohun tí gbogbo ọmọ Ọ̀ṣun sọ nìyẹn.

Ohun tí a kì í jẹ́ kó gbàgbé ni ọ̀ràn Omíṣorè. Omíṣorè jẹ́ igbá-kejì gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ AD lọ́dún 1999, onítẹ̀síwájú nìyẹn. Ó kọjá sí PDP, ó di aṣòfin àgbà, ó sì bá Arẹ́gbẹ́ṣọlá du ipò gómìnà lọ́dún 2014. Lọ́dún 2018 ó ti wà ní SDP. Nígbà tó di March 2022, akọ̀wé gbogbogbòò fún APC ni. Ní 2014, Alága yìí bú Omíṣorè láti Òkè-Fíà dé Ìgbọ̀nà, ohùn rẹ̀ há. Ní 2022 ó ní àwọn kò jà rí, pé fìlà tó dé nígbà náà lòun bú. "Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀," ó ní, "onítẹ̀síwájú látilẹ̀wá ni. Ó kàn gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé ni."

Ọmọ yunifásítì kan náà wà láàárín wa nígbà yẹn tó ní gbogbo wa ti dọ̀tí. Òun kò lè tẹ́wọ́ gba ẹgbẹ́ àwọn arúgbó. Labour Party lòun ń bá lọ, tórí òun ń fẹ́ ẹni tó mọ́. Olùdíje tó mọ́ náà ni Lásùn Yusuf, tó díje nínú ìbò abẹ́lé APC ní February ọdún yẹn kan náà, tó fìdí rẹmi. Ìbò 2,729 ni wọ́n ní. Ọmọ náà ò wá fún oṣù kan.

Ìjà tó tíì le jù ní ìdí tábìlì yẹn, lórí orúkọ ni. Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní kí wọ́n máa kọ ọ́ báyìí: State of Osun. Bí Adélékè ṣe gorí àga, ó pàṣẹ pé kó padà sí Osun State. Ẹ ò rí ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀! Bàbá Tíṣà ní "of" yẹn ni iyì wa wà, pé ìpínlẹ̀ tó mọ ara rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun ṣíwájú. Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la ní òfin orílẹ̀-èdè kò mọ "of" kankan. Alága, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lo "of" yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọ̀rọ̀ náà ní apá méjì. Aago mẹ́wàá ti kọjá, wọ́n ṣì wà lórí "of." Ìyá Alákàrà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń din tirẹ̀ jẹ́jẹ́, wá gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin bàbá. Èmi ò gbọ́ òyìnbó. Ẹ bá mi sọ méjèèjì ní Yorùbá, kí n lè mọ èyí tí n ó bá yín bínú sí."

Bàbá Tíṣà túra. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni. "Ti àkọ́kọ́," ó ní, "Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun." Ó dúró. "Èkejì wá jẹ́..." Ó yọ jígí. Ó wojú sánmà. Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la fẹ́ ràn án lọ́wọ́: "Ọ̀ṣun... Ìpínlẹ̀... Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun." Ìyá Alákàrà yí àkàrà rẹ̀ padà nínú epo.

Ijó Gómìnà Adélékè náà, ẹ ò ní gbàgbọ́ pé a jà lé e lórí. Alága ní onítẹ̀síwájú kì í jó lójú agbo. Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la ní ijó gan-an ni ìtẹ̀síwájú: "Ta lẹ rí tó ń jó tó dúró sójú kan?"

"Gómìnà yín ni mo rí," ni Alága dá a lóhùn. "Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó yí bírí, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Ọdún 2025 wá da gbogbo rẹ̀ rú. APC lé Arẹ́gbẹ́ṣọlá lóṣù kìn-ín-ní. Nígbà tó di July, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ADC. Bàbá Tíṣà yí káàdì padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun kò kúrò lójú kan, ẹgbẹ́ ló kúrò lábẹ́ òun. Ọdún náà kò parí tí Adélékè fi gbé abùradà PDP jù sílẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ Accord. Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la gbọ́ ìròyìn náà ní ìdí tábìlì wa, láti ojú ìwé tí kò rà, lẹ́yìn tó ti fi wákàtí kan ṣàlàyé fún wa pé PDP ló kù tó jẹ́ ojúlówó onítẹ̀síwájú. Ó mu omi. Ó ní, "Bí mo ṣe ń wí..." ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé Accord.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó tẹ̀ lé e, Ìyá Alákàrà tún bi wá léèrè. Ó ní kí a má bínú, ṣé ọ̀kan nínú àwọn tí à ń jà fún yìí ti sọ ìgbà tí wọ́n máa dí ihò yẹn, torí ọkọ̀ kan ti ta omi rẹ̀ sínú àgbá epo òun. Ẹnu wa pa mọ́. Alága ní ìbéèrè náà kò bọ́ sí àkókò, pé a ò tíì parí ọ̀rọ̀ ìlànà. Ibẹ̀ ni òjò ti dé, òjò tí kò kéde. Kò sí ibi tí a ó sá sí. Kọ́míṣọ́nnà-Lọ́la na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó yọ abùradà ńlá kan jáde, aláwọ̀ ewé, funfun àti pupa, èyí tí PDP pín fún wọn nígbà ìpolongo 2022. Abùradà ò mọ̀ pé a ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ṣí gbàràgàdà. Alága oníìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, Bàbá Tíṣà ADC tẹ̀ lé e, èmi náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́. A fún ara wa pọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Nígbà tí òjò dá, ìwé ìròyìn mọ́kànlá ti rin gbingbin lórí tábìlì, nítorí pé àwa tó yẹ ká bá ẹni tó ni ín fi ọ̀rá bò ó ti wà lábẹ́ abùradà. Bàbá oníwèé ìròyìn gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń kán. Ó wò wá.

"Ta ló máa san owó àwọn wọ̀nyí?"

Kíá, gbogbo onítẹ̀síwájú tẹ̀ síwájú.