Mi ò jí ẹ́ńjìnnì, mo rà á ni

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ tí mo fi òógùn ojú mi rà ni wọ́n ń torí rẹ̀ fi mí kiri ìlú, bí ẹni tí wọ́n ká ewúrẹ́ eléwúrẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀, ìwé ọkọ̀ mi ò tíì jáde.

Corolla 2005 ni. Èkó ni mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, KJA ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀, ti Ìkẹjà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ: kó-kó-kó bí ẹni ń fi òòlù lu ìkòkò, kó tó wá kú fin-ín ní Bẹ́gà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mẹkáníìkì mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fowó ṣòfò lórí èyí, ẹ jẹ́ ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀." A lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ yẹn, a rà á, ọlọ́jà fún mi ní rìsíìtì. Nígbà tí ọkọ̀ sì ti wà nílẹ̀ ní jíjá, mo ní kí wọ́n kúkú fín in ní ọ̀dà tuntun, torí ara rẹ̀ ti ń bó. Aláwọ̀ eérú ni tẹ́lẹ̀, ó di dúdú. Mò ń wa ọkọ̀ mi kiri Èkó, kò sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun.

Iṣẹ́ wá gbé mi dé Ìbàdàn. Oṣù kejì tí mo dé ni ìwé ọkọ̀ tán, ni mo bá ní kí n kúkú ṣe é ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ níbí, kí wọ́n yí àdírẹ́ẹ̀sì mi padà, kí ohun gbogbo bófin mu. Ẹnu mi ló kó bá mi. Akọ̀wé tó wà lórí káúńtà wo ìwé, ó wo fèrèsé, ó ní, "Ọ̀gá, ìwé yín ní eérú, dúdú ni mò ń rí níta." Mo ní mo tún un kùn ni. "Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?" Èmi ọmọ olóòótọ́, mo ní mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe gbé bírò yẹn sílẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá òfin jà o. Olè ọkọ̀ pọ̀ nílùú, ohun tí wọ́n sì máa ń tètè ṣe ni kí wọ́n pa àwọ̀ ọkọ̀ dà. Ó yẹ kí wọ́n bèèrè. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnì kan ò lè jókòó, kó ka gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sí mi létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni? Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù. Mo lọ Ìyágankú, mo búra, mo gbé e dé. Wọ́n ní ó dára, ìwé ọlọ́pàá ńkọ́? Mo gbé ìyẹn náà dé, wọ́n ní ó dára, rìsíìtì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni "ó dára", ojoojúmọ́ sì ni ìwé kan ń kù. Ọjọ́ tí mo gbé rìsíìtì dé ni wọ́n wá rántí pé àwọn ò tíì yẹ ọkọ̀ gan-an wò.

Ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò fa búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan yọ lápò, irun rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tì í bọ epo bẹntiróòlù, ó fi fọ ibi tí nọ́ńbà sáṣíì, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára ọkọ̀ gan-an, wà, ó lẹ téèpù funfun mọ́ ọn, ó wá ń fi pẹ́ńsùlù kùn ún lórí, díẹ̀díẹ̀, títí nọ́ńbà fi ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Nọ́ńbà sáṣíì bá tìwé mu régé. Ti ẹ́ńjìnnì ló wá di wàhálà. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá, níbi tí ọwọ́ ò ti lè ráyè wọlé, ìpẹtà sì ti jẹ nọ́ńbà kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní mẹ́ta ni. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tan iná fóònù sí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mẹ́jọ lèmi ń rí o." Àwọn méjèèjì wá gbójú sókè, wọ́n ń wò mí. Kí ni kí n wí? Ṣé èmi ni mo gbẹ́ ẹ sára irin ni?

Wọ́n ní kí n mú rìsíìtì wá ká fi wò ó. Háà! Ohun tí ọlọ́jà kọ sí rìsíìtì kò ju "ẹ́ńjìnnì Corolla kan pẹ̀lú gíá" lọ, àti pé kò sí owó ìdápadà. Ta ló ń kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí rìsíìtì ní Ládípọ̀? Èyí tí mo tiẹ̀ rí rìsíìtì gbà, oore ni.

Ó wá di pé kí n lọ gba ìwé l'Ékòó pé ọkọ̀ náà kò ní ẹjọ́ lọ́rùn. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin náà mọ ohun tí epo àlọ àtàbọ̀ Èkó ń gbà. Mo jí ní aago mẹ́rin àárọ̀, mo débẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ìbàdàn lẹ wà báyìí, àwọn ni kí wọ́n ṣe é fún yín." Mo padà sí Ìbàdàn, wọ́n ní Èkó ni. Lórí nọ́ńbà ọkọ̀ kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, tí àwòrán Nàìjíríà wà lára rẹ̀ gàdàgbà!

Lọ́dún 2024, ọlọ́pàá ní kí gbogbo ọkọ̀ wọnú àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní láti 29 July làwọn á ti máa mú ẹni tí ò bá ní in. Aráàlú pariwo pé owó mìíràn tún ni, wọ́n sì dá a dúró. Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo o, kí n má tan yín. Àfi bí mo ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì wọn tí mo ń ronú pé kí ló dé tí ẹni tó wà n'Ìbàdàn ò lè tẹ kọ̀ǹpútà kó rí ohun tó wà l'Ékòó.

Owó ni wọn kì í fi falẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tó jẹ́ ₦5,000 kó tó di ₦15,000 ní January 2023, orí fóònù ni mo ti san án, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èyí tó wá dùn mí wọ eegun rèé. Lábẹ́ agboòrùn níwájú ọ́fíìsì náà, alágàta kan wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbowó báni gba ìwé, tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ti ń wò mí láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní, "Àlàájì, ẹ ti ń ṣe wàhálà jù. Ẹ kó ìwé yín fún mi, ẹ fi ọkọ̀ sílé. Ọ̀la ẹ ó gbà á." Mo ní àwọ̀ ńkọ́, ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló fẹ́ wo ọkọ̀?" Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mo gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n wò ó, ọ̀daràn ni mí. Ẹni tí ò bá gbé tiẹ̀ wá rárá, ọ̀la ni tiẹ̀ máa jáde, eérú ni wọ́n á sì kọ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ti di irin àlòkù l'Ékòó ni wọ́n á fọwọ́ sí pé ó wà nínú rẹ̀.

Títí ìwé máa fi jáde, ṣe ni mò ń gba ẹ̀yìnkùlé àdúgbò lọ síbi iṣẹ́. Lánàá, àwọn agbófinró dá mi dúró n'Ìwó Road. Mo kó gbogbo ìwé ìbúra àti rìsíìtì jáde, mo fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣe àwọn ọmọ dáadáa."

Bí mo ṣe ń kọ èyí, alágàta yẹn ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì gbé e. Èmi fúnra mi ni mo fún un ní nọ́ńbà.